Àwọn Gúùsì Tó Fi Ọ̀gá Ilé-Ìwé Ṣe Ìyá

                                                  Ilé Aránṣọ,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Àtijọ́,
                                                  Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n ní imú rẹ ló gbé wáyé? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ní tiwa níbí, a wà láàyè, a sì ń jẹun, bí àwọn gúùsì bá ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa.

Má rẹ́rìn-ín. Gúùsì ni mo wí, ẹyẹ tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ tó ga jù ú lọ, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí olè kó aṣọ àwọn oníbàárà lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọlọ́sìn ẹyẹ tó wà ní òpópónà kejì sọ fún mi pé gúùsì sàn ju ajá lọ, pé bó bá rí àjèjì á pariwo, koríko lásán ló sì ń jẹ. Mo ra ẹyin, mo tò ó sínú àpótí, mo tan gílóòbù lé e lórí kó lè máa móoru. Ọkọ mi ní òun kò fẹ́ ẹyẹ kankan nínú ọgbà òun. O mọ̀ ọ́n: ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nípò ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ipò náà kò tíì fẹ̀yìn tì kúrò lára rẹ̀. (Bó bá wà nítòsí, "wọ́n" ni màá pè é. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí níbí, "ó" náà tó o.)

Ọlọ́sìn ẹyẹ ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tí ọmọ gúùsì bá kọ́kọ́ rí, tó sì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń jáde nínú ẹyin, òun ni yóò mú ní ìyá. Nítorí náà mo jókòó ti àpótí, mo ń kọrin fún ẹyin. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pa kọjá, wọn kò pa. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó sáré wọlé pé aṣọ òun ti fún jù, ni mo bá bẹ ọkọ mi pé kó kàn máa bá mi wo gílóòbù kó má lọ kú. N kò ní kó sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lẹ́nu géètì de àwọn apẹ́lẹ́yìn, kò lè rí apẹ́lẹ́yìn kó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí, ó ń bá ẹyin wí pé irú ìwà wo nìyí, ṣé wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni. Ẹnu ìyẹn ló wà tí wọ́n fi ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń wò ó lójú. Nígbà tí mo dé, mo pè wọ́n títí, wọn ò mọ̀ mí rí.

Láti ìgbà náà, bó bá jáde, wọ́n á tò tẹ̀ lé e. Bó bá wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ké. Ó kọ́kọ́ ń bú wọn. Nígbà tó yá, mo bá a tó fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ ń gé koríko wẹ́wẹ́ fún wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀kan lára wọn là sọ́tùn-ún sósì, kò lè dìde. Ọkọ mi tọrọ ìrépé aṣọ lọ́wọ́ mi, ó fi so ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra títí tó fi ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro títí dòní. Gbogbo wọn ti dàgbà báyìí. Wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ mi tán, wọ́n ti fi ìgbẹ́ kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, agboòrùn sì ni àwọn ènìyàn fi ń dáàbò bo itan wọn kí wọ́n tó lè dé ẹnu ọ̀nà mi. Olè kò wá mọ́ lóòótọ́. Àwọn oníbàárà náà kò wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pé nígbà tó fi ìwé sílẹ̀ tó ní iṣẹ́ káfíńtà lòun fẹ́ kọ́, bàbá rẹ̀ sọ lójú gbogbo ilé pé òun kò bí káfíńtà, kó lọ wá bàbá mìíràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà kò tún wọ ilé yìí mọ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo sì ránṣẹ́ sí i. Káfíńtà pọ̀ ládùúgbò wa bí iyanrìn, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ rí. Mo mọ̀ lọ́kàn ara mi pé bó bá wá tó tún lọ láìjẹ́ pé òun àti bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ọjọ́ òkú ọ̀kan nínú wa kó tó tún dé. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àná ló dé. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà," bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Bàbá ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," ó bá tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn gúùsì. Ọmọ gun òrùlé. Ibẹ̀ ló wà tí bàbá rẹ̀ fi ń kó ẹyẹ lọ jẹko lẹ́yìnkùlé. Atiro yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ mi sì dúró, ó yíjú padà, ó fi ohùn tí èmi ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí sọ pé, "Rọra máa bọ̀. A ò kánjú. Mò ń dúró dè ẹ́."

Òòlù dákẹ́ lórí òrùlé. Ojoojúmọ́ ni ọmọ yẹn ń sáré tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sílé-ìwé nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá kì í wẹ̀yìn. Bí ọmọ bá wá dé géètì, bàbá á nà án mọ́ àwọn apẹ́lẹ́yìn. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Màámi, ṣé Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni?" Mo bu omi fún un, kò mu ún.

Ó palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó kọrí sí géètì. Àwọn gúùsì rí àjèjì, wọ́n ya bò ó, akọ àgbà inú wọn ń ṣe ṣììì bí ejò, ó gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ọkọ mi sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, ó ń lọgun pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ mi ni! Ẹ̀gbọ́n yín ni!"

Mo rò pé ọkọ mi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ ni, torí ilẹ̀ ló ń wò. Mo fọwọ́ bo ẹnu, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo ń pa mọ́ tàbí ẹkún. Ọmọ já ṣòkòtò rẹ̀ gbà, ó lọ mú bàtà yẹn wá, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní òrùlé náà kò tíì parí, pé òun á padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá ní kó tètè dé o, òun kò fẹ́ apẹ́lẹ́yìn. Ó wá ní bó bá pẹ́ náà, kò burú.

Bó ṣe lọ tán, mo gun àkàbà lọ yẹ òrùlé náà wò. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ibi kan tí kò kàn. Ó ti parí pátápátá.

Bá mi kí baálé rẹ àti gbogbo ilé. Sọ fún àbúrò rẹ obìnrin pé mo ti rán búláòsì rẹ̀ tán, kó wá mú un bó bá láyà.

Tìrẹ ni mo ṣì ń jẹ́,

Eléyinjú-Ẹgẹ́
(tó ti ń fi awò ríran báyìí)