Apá Kejì ni Mo Mú

Àìkú, 5 oṣù kẹwàá 2025

Irọ́ ni wọ́n ń pa ní Manigri, ìlú wa. Èmi àti Rafiou kò jà nítorí Húsnà, ọmọbìnrin tí wọ́n ń dárúkọ. Húsnà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a jà. Eré tí à ń fi ẹ̀rọ ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ló dá ìjà náà sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Ọ̀nà Eérú. Èèyàn á kó ẹgbẹ́ jọ, wọn á máa rìn láti ìlú dé ìlú, wọn á máa jà, agbára wọn á máa pọ̀ sí i. Apá méje ló ti jáde. Láti ilé ìwé ni a ti ń ṣe é.

Lánàá, ní yàrá Rafiou ní Bassila, Adamou (Ẹ̀gà ni mò ń pè é níbí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi) ní kí kálukú mú apá tó fẹ́ràn jù, kó sọ ìdí. Òun mú ìkarùn-ún, nítorí ọjà inú rẹ̀ àti orin ibẹ̀. Husseini mú ìkẹrin, nítorí arúgbó tó ń tu ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ó jọ ìyá ìyá òun. Rafiou mú ìkeje. Ó ní bí o bá já ẹnikẹ́ni jù sílẹ̀ lọ́nà, wàá kàn tẹ nǹkan kan, á sì padà wá bá ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Èmi mú ìkejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwòrán rẹ̀ kò dára lóòótọ́, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí amọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìkejì, ẹni tí o bá fi sílẹ̀ létí odò ti lọ nìyẹn. O lè pàdé rẹ̀ níwájú. Á wò ọ́. Kò ní kí ọ.

Mo ní Rafiou fẹ́ràn ìkeje nítorí pé níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tó já a jù sílẹ̀. Mo ní lọ́dún tó kọjá, nígbà tí iṣẹ́ àáró kan oko Husseini, ta ló dùbúlẹ̀ síbí tó ń ṣeré, tó ní ibà ń ṣe òun?

Rafiou pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n jáde.

Àtìní, 6 oṣù kẹwàá

Salamatou, àbúrò mi, ní ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ ju ọkọ́ mi lọ. Mo ní òótọ́ ni mo sọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ kì í kọ ebè."

Àtàláátà, 7 oṣù kẹwàá

Mi ò lọ bẹ̀ ẹ́.

Àlàmísì, 9 oṣù kẹwàá

Àáró kan oko wa lọ́túnla. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é, oko ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. A ti kọ ebè Husseini àti ti Ẹ̀gà tán. Ó ku tiwa àti ti Rafiou. Ẹsẹ̀ bàbá kò tíì san láti ìgbà tí mótò ti gbé e ṣubú. Òjò sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, ọkọ́ kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ — a ò ní níṣu lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Bàbá bi mí pé ṣé wọ́n ń bọ̀. Mo ní wọ́n ń bọ̀. Mi ò mọ̀.

Jímọ̀, 10 oṣù kẹwàá

Mo rí Rafiou ní mọ́sálásí. Ó mú bàtà rẹ̀, ó kọjú síbòmíràn. Mo wá bàtà tèmi.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹwàá

Husseini dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹnìkan. Ẹ̀gà dé tariwo-tariwo, ó ní òun kò wá nítorí mi, ọbẹ̀ Salamatou ló fa òun. Èèyàn méjì. Mo ń wo ọ̀nà. Rafiou kò yọjú.

Salamatou gbé ìkòkò kalẹ̀, ó mú ọkọ́. Mẹ́ta. Obìnrin kì í kọ ebè nílé wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a dúró. Nígbà tó yá mo gbójú sókè: bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ jọ.

Mi ò kà mọ́.

A ò parí. Ó ku ibi tó kángun sí àwọn igi kajú.

Àìkú, 12 oṣù kẹwàá

Husseini wá. Ó ní Rafiou ti bẹ òun ní kọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá, òun sì ti gbà. Ó ní ta ló ní kí n gba ẹjọ́ òun rò?



Àtàláátà, 14 oṣù kẹwàá

Oko Rafiou ló kàn lọ́la. Ẹ̀gà ní òun kò lọ. "Ṣebí kò wá sí tìẹ." Mo ní, "Ó wá sí ti ìwọ."

Àlàrùba, 15 oṣù kẹwàá

Mo lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Bàbá Rafiou nìkan ló wà lóko, ọkọ́ léjìká. Ó ní Rafiou ti wọ ọkọ̀ Cotonou láàárọ̀, ó kó ẹ̀rọ eré rẹ̀ dání. Ó ní Rafiou sọ pé ojú ń ti òun láti rí wa. Kò dá ìgbà tí yóò padà.

Mo dúró síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò mí títí, ó ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo bá ọmọ òun jà.

Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí.