Ìhágún Ẹ-Jẹ́-Ká-Padà fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀, Ó-Kù-Díẹ̀

Èmi, àbíkẹ́yìn ìyá mi, tí àwọn alaárù ń pè ní Ẹ-Jẹ́-Ká-Padà, tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti mú èèyàn gun òkè gíga, kí n sì mú wọn sọ̀ kalẹ̀, mo kọ ìwé yìí nígbà tí ara mi yá, tí orí mi sì pé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá jiyàn pé orí mi kò pé, ẹ bi í léèrè ẹni tó gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì lọ sórí yìnyín.

Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá àgọ́ kejì láìkọ ìhágún. Èmi ni mo ṣe òfin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ń kọ ìhágún ń pe ikú. Mo dá a lóhùn pé ikú kì í ṣe ajá tí à ń súfèé sí.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò, ni alámòójútó ìwé yìí. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe àwàdà nínú rẹ̀. Mo gbọ́. Kí wọ́n kà á sókè ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, kí a tó gbéra lọ́tùnla. Èmi náà yóò jókòó síbẹ̀. N kò lè kú tán kí n máa wá ojú àwọn ajogún wò.

1. Yàrá tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, tí mo fi ṣe ọ́fíìsì, mo dá a padà fún ìyá mi tó ni ín.

Ìyá mi kò gun ohun tó ga ju àtẹ̀gùn lọ rí, ṣùgbọ́n kò sí àgọ́ wa kan tí abẹ́rẹ́ wọn kò kàn. Ìjà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa: wọ́n bi mí pé ta ló ránṣẹ́ pè mí lókè, n kò sì tíì rí èsì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí ní èdè tí wọ́n fi ń bá mi wí, kí èyí tó kàn lè yé wọn.

2. Bí mo bá kú síbi tí afẹ́fẹ́ ti tín-ín-rín, kí ẹnikẹ́ni má gun òkè láti lọ gbé mi. Alaárù tó ní ọmọ nílé kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí rẹ̀ wá òkú. Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ sin aṣọ òtútù pupa tí ẹ rán fún mi, èyí tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ṣì máa sọ pé apá mi ni kò dọ́gba.

3. Ìbaaka wa di ti olórí àwọn alaárù. Òfin ẹrù kò yí padà: alaárù tí kò bá lè máa tàkúrọ̀sọ bó ṣe ń rìn, ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù.

Gbèsè kan sì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó di àga onítìmùtìmù oníbàárà kan lé ìbaaka lẹ́yìn, ìbaaka sì bù ú jẹ níbi tí kò lè fi han nọ́ọ̀sì. Ìbaaka ti gba tirẹ̀. Àwọn alaárù tó wá ru àga náà dé òkè kò tíì gbọ́ “ẹ má bínú” lẹ́nu rẹ̀. Kí ó san án.

4. Oníbàárà tó ni àga yẹn kan náà, mo fi báàgì ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun kan sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú rìbọ́nù. Ohun tó bá gun òkè ló gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, títí kan èyí tó gba inú wa kọjá. Òun fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àpáta, ó ní yìnyín yóò bò ó mọ́lẹ̀. Omi yìnyín náà ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu. A ti kó o sínú báàgì mìíràn, ó sì ti wà lọ́nà ilé rẹ̀.

5. Àgọ́ ẹlẹ́ni-méjì, mo fún alásè wa. Òun ló máa ń rìn kẹ́yìn, ó ní ẹni tí orí ń fọ́ kì í sọ fún ẹni tó wà níwájú. Kí ó tún síìpù àgọ́ náà ṣe. Bí mo bá padà láàyè, kí ó ṣì tún un ṣe.

6. Ilé iṣẹ́, okùn, àti fèrè ìpadà, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ogún yìí kò dúró de ikú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni yóò ṣáájú àwọn oníbàárà lọ sí ṣóńṣó. Èmi yóò dúró ní àgọ́ kẹta, ohùn mi kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ ló ti máa ń sọ fún oníbàárà pé ó kù díẹ̀. Nígbà tí a gùn ún kẹ́yìn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ṣóńṣó wà níwájú wa, ó ní ó kù díẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, tíṣà obìnrin kan láàárín wa, tí afẹ́fẹ́ tín-ín-rín ti da orí rẹ̀ rú, sì ń kí àpáta pé ẹ káàárọ̀. Mo fọn fèrè. Kí a tó dé ìsàlẹ̀, tíṣà ti mọ èèyàn yàtọ̀ sí òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò fi dé, àfi gbólóhùn kan: “Òkè wà níwájú wa, ẹ̀yìn lò ń wò.” Ìdáhùn mi nìyí: òkè kì í sá, àwa ni à ń tán. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, ilé sì ni àbọ̀ sinmi oko.

Nítorí náà, ẹni tó bá gba fèrè gbọdọ̀ fọn ọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìbáà ṣe pé itọ́ rẹ̀ lè dé ṣóńṣó.

7. Bàbá Kékeré ní ẹni tó bá fọwọ́ sí ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún nínú rẹ̀. Mo ti fi àyè ẹlẹ́rìí kejì sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ó bọ́ lọ́wọ́ òfin mi, ilé iṣẹ́ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fèrè di ti alásè. Ìbaaka ni ì bá gbà á, ó mọ ìgbà tó yẹ kí a padà, àmọ́ eyín rẹ̀ le jù. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá fọwọ́ sí i, ó ti gba fèrè tòun ti òfin.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹsàn-án. Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn ẹlẹ́rìí ní Ọjọ́rú:
Ẹ-Jẹ́-Ká-Padà

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Agbẹjọ́rò, àbúrò bàbá rẹ̀
Ẹlẹ́rìí kejì: Alátùn-únṣe rédíò tó wà ní òdìkejì títì

Àlàyé láti ọwọ́ agbẹjọ́rò: Àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rìí kejì kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n ni a kọ́kọ́ fún ní kálàmù. Ó ti gbé ẹnu kálàmù lé ìwé. Ìyá wọn dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, ó ní, “Ó kù díẹ̀,” ó sì dá kálàmù padà.