Ìyá Àràmídé Ṣì Ni Orúkọ Rẹ̀

27, Òpópónà Ọdúnladé,
Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ 18, Oṣù Kẹrin, 1974.

Ethel, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde níbẹ̀ o. Báwo ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Ṣé ẹsẹ̀ tí ó ń dun Màmá ti ń fúyẹ́? Sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe pa oògùn tí mo fi ránṣẹ́ tì nítorí pé ìrora ti lọ. Kí wọ́n lò ó tán. Ojú ọjọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Níhìn-ín, òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ooru sì ti dín díẹ̀. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́.

Mo rí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ rẹ gbà. O ní lẹ́yìn tí o ti kọ̀wé sí Mabel àbúrò mi ni o tó gbọ́ pé Àràmídé ọmọ rẹ̀ ti kú, àti pé ojú ń tì ọ́ débi pé o kò lè kọ̀wé sí i mọ́. Jọ̀wọ́, fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ọpẹ́ ni mo jókòó láti kọ, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí o lè mọ ohun tí o ṣe fún wa.

Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Oṣù kọkànlá ni ọmọ náà kú, ọmọ ọdún méje, òun nìkan ṣoṣo tí Mabel bí. Òfò kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú lẹ́tà, nítorí náà n kò kọ ọ́ sí ọ. Àìsàn yírunyírun ni. O mọ̀ mí, mo gbà pé bí ènìyàn bá ti lóye nǹkan, ìdajì ẹrù rẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Mo jókòó ti Mabel, mo ya àwòrán ọpọlọ àti omi tí ó yí i ká sórí ìwé, mo fi ibi tí kòkòrò àìsàn gbà wọlé hàn án. Mo ní ibà ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, èmi fúnra mi ì bá pè é ní ibà lásán. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi," ó sì yí ojú sí ògiri.

Mo mú un wá sí ilé mi. Mo wá pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn, títí kan Gbádé ọkọ rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní Ìyá Àràmídé mọ́. Mo rò pé egbò tí a kò bá fọwọ́ kàn yóò tètè jinná. Báyìí ni ó ṣe di Ìyáàfin Kọ́lápọ̀ lẹ́nu gbogbo wa, àti lẹ́nu àwọn ìyá ìjọ tí ó ń wá kí i. Wọ́n á ní, "Ìyáàfin Kọ́lápọ̀, omi ló dànù, agbè kò fọ́." Mabel kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni ní Sábó, oúnjẹ kò sì kọjá ọ̀fun rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé e lé òṣùwọ̀n, gbogbo Sátidé ni ó sì ń fúyẹ́ sí i. Nígbà tí ó fi di oṣù kìíní, ẹ̀rù ti ń bà mí pé a ó pàdánù òun náà.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà rẹ dé sí àpótí mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Yábàá, pẹ̀lú àkọlé tí o máa ń kọ: "Sí Ìyá Àràmídé, nípasẹ̀ Dókítà Edith." Mo fi í sínú báàgì mi, mo ń gbé e káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, Mabel ń wá bíró nínú báàgì náà. Nígbà tí n ó fi jáde láti yàrá, lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ta ni wọ́n kọ èyí sí?"

"Ethel kò tíì gbọ́ ni," ni mo wí. "Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ ná."

"Mo ní ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kà á. Ó dé ibi tí o ti béèrè bóyá Àràmídé ṣì ń bẹ̀rù adìyẹ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ethel, ẹ̀rín ni o. Ó ní ọjọ́ tí àgbébọ̀ yín lé ọmọ náà yí ilé po nígbà tí wọ́n wá kí yín, orí tábìlì ni ó sá gùn, ibẹ̀ ni ó ti ń sọ fún adìyẹ pé kí ó gòkè wá bí ó bá tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sunkún títí ó fi tún di ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ títí Gbádé fi ti ibi iṣẹ́ yà wá kí i. Ó wá kọjú sí àwa méjèèjì.

"Ẹ sin ọmọ, ẹ tún sin ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ mi kì í ṣe omi, kò dànù. Ọ̀dọ̀ Jésù ni ó wà. Tí ó bá di òwúrọ̀ àjíǹde tí ó ń wá ìyá rẹ̀, ṣé Ìyáàfin Kọ́lápọ̀ ni yóò máa béèrè?"

Gbádé na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ìyá Àràmídé, dìde, ilẹ̀ tutù."

Ó dìde. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

N kò ní tàn ọ́ pé ìbànújẹ́ ti tán. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń kọjá lọ́sàn-án, ó ṣì máa ń wọ yàrá lọ. Ṣùgbọ́n ó ti padà sílé ọkọ rẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún Àjíǹde, ó ní kí n sin òun lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa. Akọ̀wé ń tún orúkọ kọ sínú ìwé tuntun. Ó kan Mabel, akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí ni kí n kọ, ìyáàfin?"

"Ìyá Àràmídé ni kí ẹ kọ, mà."

Ìyá Christopher, àgbà tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá na ọ̀pá wọn sí akọ̀wé. "Pa tèmi rẹ́. Ìyá Ambrose ni mí. Ambrose ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ó lọ. Christopher ni ó tẹ̀lé e."

"Màmá, ṣé Bọ̀dá Christopher kò ní bínú?"

"Kí ó bínú. Ó ti pé àádọ́ta ọdún, ó ti tó ẹni tí ó yẹ kó mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

"Dókítà, ta ló bi mí léèrè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tọ́jú ọmọdé. Bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ wa, mo mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfo ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, n ó pa fáìlì dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, obìnrin kan tí ó ti Òtò wá pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀. Mo ṣe àlàyé mi tán, mo fa àga sún mọ́ ọn, mo ní, "Kí ni ẹ ń pè é nílé?" Ó ní Àkàngbé. Ó ní kò sí ìkòkò tí ó wà nílé tí kì í dé sórí bíi fìlà. A jókòó fún bí ìdajì wákàtí, a gbàdúrà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò rántí ìgbà tí ìyá kan ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nínú irú wákàtí bẹ́ẹ̀ rí.

Gbádé ń kí yín, ìjọ wa pàápàá ń kí yín. Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá gidigidi.

Wàyí o, Ethel, kọ̀wé sí àbúrò mi. Má tọrọ àforíjì. Ohunkóhun tí o bá rántí pé ọmọ náà ṣe tàbí tí ó sọ ní ilé yín, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kọ ọ́ sí i. Gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa Àràmídé ni ó ti sọ tán fún wa. Tuntun ni ó ń wá báyìí, kò sì sí ibi tí ó ti lè rí i mọ́, àfi lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ọmọ náà.

Èmi ni, tọpẹ́tọpẹ́,
ọ̀rẹ́ rẹ,
Edith Adùnọlá.