Báńjò Tí Ẹ Ò Ta Níṣojú Mi Mọ́

Bàbá, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko, síbẹ̀ tí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, Màámi ṣì máa ń gbójú sókè.

Rose àbúrò mi ní èmi ni kí n kọ ìrántí tọdún yìí, torí pé èmi ni àkọ́bí. Ó yẹ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ti ọdún kìíní àti ti ọdún kejì: pé Gilbert Fáṣadé jẹ́ ọkọ rere àti bàbá rere, pé kò sí ilé tí ẹ kan ilẹ̀kùn sí ní Ìjẹ̀bú-Imúṣin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń há. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi pẹ̀lú yín tí mi ò sọ kí ẹ tó lọ. Ọdún méjì ni mo fi kọ nǹkan mìíràn dípò rẹ̀. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín. Ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Odògbolú ti parí. Rose ló kan òrùlé rẹ̀, àwọn fèrèsé onígi tí ẹ gbẹ́ sílẹ̀ ló sì lò, kò ra òmíràn. Ibẹ̀ ni Màámi ń gbé báyìí. Wọ́n ṣì ń se ìkọ́kọrẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìkòkò tó tóbi náà ni wọ́n ṣì ń lò, bí ẹni pé ẹ ṣì wà níbẹ̀ láti jẹ tiyín. Rose ti bí ọmọbìnrin, Ẹ̀bùnolúwa lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń sáré kiri. Kò rí yín rí, ìyẹn sì máa ń dùn wá nígbà gbogbo tó bá rẹ́rìn-ín, torí pé ẹ̀rín yín ló ń rín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ báńjò.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo bàbá ló ń ta báńjò. Ẹ ó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó fọ ẹ̀rún igi kúrò lọ́wọ́, ẹ ó gbé e sórí itan: nǹkan roboto tí wọ́n fi awọ bò lójú bí ìlù, tó ní ọrùn gígùn bíi ti gìtá. Okùn mẹ́rin rẹ̀ gùn. Ìkarùn-ún kúrú, àtàǹpàkò nìkan ló sì ń kàn án. Ẹ kì í fi ike pẹlẹbẹ ha okùn rẹ̀ bí àwọn oníbáńjò tó kù ṣe ń ṣe. Ìka mẹ́ta ni ẹ fi ń ta á. Àtàǹpàkò á máa rìn lọ geere, ìka méjì tó kù á máa ṣáájú rẹ̀, á máa gbẹ̀yìn rẹ̀, á máa bá a ṣeré. Màámi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á máa mi orí, ọbẹ̀ á sì jó.

Àbúrò bàbá yín, tó ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun, ló kọ́ yín. Òun náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ arúgbó aláwọ̀ dúdú kan, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Arúgbó yẹn kú. Àbúrò bàbá yín kú. Ó wá ku ẹ̀yin nìkan, èmi tí mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ò sì mọ̀ pé nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ni.

Ẹ rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì nígbà tí àwọn ẹbí ń bi yín pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi orin ṣe. Mo di olùkọ́ ní Ìjagun. Ìtàn orin jáàsì wà lára ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, inú yín dùn débi pé ẹ pa iṣẹ́ tì.

Ẹ ní: “Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé wàá wá gba àwọn orin ọwọ́ mi sílẹ̀ kí n tó kú.”

Mo ní màá gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀, ó di ìgbà ìsinmi, ó di ìgbà tí mo bá parí ìwé tí mò ń kọ.

Lọ́dún 2018, mo pè yín wá sí kíláàsì mi. Mo rò pé mò ń fi yín yangàn ni. Ẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá aláwọ̀ aró, ẹ gbé báńjò dání nínú àpótí tí ẹ kàn fún un fúnra yín. Ẹ ta orin méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan lára wọn tó ń jẹ́ Abdulhakeem béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé jáàsì ni ohun tí ẹ ta yẹn.

Ẹ ní: “Kì í ṣe jáàsì. Ìyá jáàsì ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló kọ́kọ́ ṣe báńjò lọ́hùn-ún. Akèrègbè àti awọ ni wọ́n fi ṣe é, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á. Ọwọ́ tó ń ṣáájú ẹsẹ̀ yìí, ara báńjò ni dùùrù ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni jáàsì ti jáde.”

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo dìde níwájú ogójì ọmọ, mo ní: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má fi ìyẹn sínú ìdánwò o. Ohun tí Bàbá gbọ́ lẹ́nu àwọn atukọ̀ ni wọ́n ń sọ. Nínú jáàsì, ike ni wọ́n fi ń ha báńjò kó lè máa gbé orin rìn. Kí a máa fi ìka ta á, kò kan jáàsì rárá.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ojú mi. Ẹ ò bá mi jiyàn.

Ẹ ní: “Ìwọ lo kàwé, Edith.”

Ẹ dá báńjò padà sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà sílé, òjò tó ṣú ni ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ báńjò nílé wa mọ́. Tí mo bá béèrè, ẹ ó ní ìka ń dùn yín. Mo gbà. Ẹni tó ti ń fa ayùn fún àádọ́ta ọdún, mo ní kò sí bí ìka ò ṣe ní dùn ún. Mo tilẹ̀ ra ìpara tí wọ́n ń fi wọ́ oríkèé fún yín. Ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ ò ṣí i. Ọdún mẹ́rin ni ẹ lò lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún mẹ́rin, Bàbá, mi ò sì bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn tí ẹ mu ògì tán. Nígbà tí a ń to ẹrù yín, a wá báńjò títí, a ò rí i. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú ni Alhaji Síkírù, ọ̀rẹ́ yín tó ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbé e wá fún wa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní mi ò mọ̀ pé àwọn ni ẹ fún nígbà tí ìka ò jẹ́ kí ẹ lè ta á mọ́.

Alhaji ní: “Ìka wo? Bàbá ẹ ò fi báńjò sílẹ̀ rí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá ta á ní ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀.”

Mo yíjú sí Màámi. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ Alhaji bóyá ẹnikẹ́ni gba orin yín sílẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn gbé fóònù sókè, ẹ̀yin lẹ kọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé: “Fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ Edith ni. Ó ń bọ̀ wá gbà á.”

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ ni mo jókòó sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, Rose sì ń bi mí pé kí ló ṣe mí. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ẹ̀ ń bínú sí mi, ẹ̀ ń dúró dè mí ni.

Nígbà tí ọkàn mi rọlẹ̀ díẹ̀, mo kúrò lórí ìwé kan ṣoṣo tí mo fi ń kọ́ni. Mo wá àwo orin àtijọ́, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí jáàsì tó lórúkọ. Mo gbọ́ báńjò tí wọ́n ń fi ìka ta. Mo gbọ́ àtàǹpàkò tó ń rìn, mo gbọ́ ìka tó ń ṣáájú, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wà nínú yàrá. Mo kà á pé rágítáìmù, orin tó ṣáájú jáàsì, ti wà lọ́wọ́ àwọn oníbáńjò pẹ́, àti pé àwọn onídùùrù kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lára wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin wá di ńlá, tí fèrè pọ̀, tí ìka ò lè bá wọn pariwo mọ́, ni ike gba ipò rẹ̀. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Ìparí ìtàn ni. Ẹ̀yin lẹ mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì pa yín lẹ́nu mọ́.

Alhaji ò mọ báńjò ta, ṣùgbọ́n wọ́n rántí orin. Mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n láàárín àwọn ìdì léèsì, wọ́n á máa fi ẹnu kọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní orin yín tó mọ́kàndínlógún. A ti rí mẹ́rin. Ìkarùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rántí. Tí wọ́n bá dé ibi tó ti já, wọ́n á máa nu gíláàsì ojú wọn. Èyí tó kù ti bá yín lọ. Mo mọ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n lọ.

Mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìka ta á. Kò tíì dùn. Màámi gbọ́ ọ níjọ́ kan, wọ́n ní: “Bàbá ẹ kì í kánjú báyẹn.” Wọ́n sì jókòó, wọ́n gbọ́ ọ tán.

Ní oṣù tó kọjá, mo kọ́ kíláàsì tuntun ní ìtàn jáàsì. Báńjò yín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn ohun tí ẹ sọ, mo sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Ọmọ kan béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò bá mi jiyàn nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ tọ̀nà. Èsì tí mo rí nígbà tí mo délé ni pé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́ yẹn máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ fi iyì tiyín sílẹ̀ kí tèmi má baà bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí kí n tó mọ̀ pé mo ṣẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń mú un dùn mí sí i.

A fẹ́ràn yín. Ọdún mẹ́ta ò dín in kù, ọgbọ̀n ọdún ò ní dín in kù. Àwa ni: Matilda ìyàwó yín, Rose, Ẹ̀bùnolúwa tí ẹ ò rí, àti èmi Edith, ọmọ yín, tí ẹ dúró dè títí.