Gọ́ọ̀fù Tí Bàbá Rò Pé Òkun Ni

Ọjọ́ Ajé, 4 septembre 1978

«Bàbá Marcel! Ẹ ní òkun lẹ rà! Òkun ọ̀hún dà? Òyìnbó tó ń fi igi na ẹyin adìyẹ nínú koríko ni mo rí! Páálí mẹ́fà! Páálí mẹ́fà, Bàbá Marcel!»

Bí Sírẹ́nì ṣe pariwo ẹ̀ nìyẹn, mi ò fi kún un. Sírẹ́nì ni màmá mi. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Tó bá ti dún, gbogbo àgbàlá wa ní Treichville á dákẹ́ bí ìgbà tí sírẹ́nì faatọ̀rì bá dún láti pààrọ̀ òṣìṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀: ìwé àlòkù ni Bàbá ń tà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní Plateau, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ilé-ìwé ò ní pẹ́ wọlé. Ignace, kúùkù òyìnbó kan tó ń kó lọ sílùú wọn, wá sọ fún Bàbá pé ìwé golfe kún ilé ọ̀gá òun, tọmọdé tàgbà ló wà fún, «tous niveaux», gbogbo ìpele. Golfe — ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Jọ́gíráfì. Bàbá rò pé ìwé ilé-ìwé ni. Wọ́n ti fi okùn di páálí náà pinpin, kò tú u wò.

Golf ni o. Kò sí e nídìí ẹ̀. Eré àwọn olówó ni. E yẹn kì í dún lẹ́nu ẹnikẹ́ni, lẹ́nu kúùkù àbí lẹ́nu tíṣà, ìgbà téèyàn bá rí i lójú ìwé ló tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí mi. Lẹ́yìn náà ó dùn mí. Lẹ́yìn náà mo tún rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 septembre

Òótọ́ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ nìyí. Kí Bàbá tó lọ rà á, ó bi Marcel. Marcel ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ terminale, kíláàsì àṣekágbá, ẹyin ojú ilé wa. Mo ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà yẹn. Bàbá ní, «Marcel, kí ni wọ́n ń pè ní golf?» Ó ń ya irun ẹ̀ níwájú dígí, kò tiẹ̀ yíjú. «Golfe de Guinée, Papa. Òkun ni. Wọ́n ń ṣe é láti sixième dé terminale.»

Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́.

Lánàá tí Sírẹ́nì ń dún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀, ó ní, «Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, Papa.» Ojú ẹ̀ ò tì í! Bàbá kàn wò ó. Ẹnu Bàbá dà? Ẹnu tó fi ń nájà látàárọ̀ dalẹ́?

Sírẹ́nì ti dájọ́: tí ìwé yìí ò bá tà kí ilé-ìwé tó wọlé, Bàbá ń fi Plateau sílẹ̀. Díákónì Olútúndé ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bá a wá iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní faatọ̀rì kan ní Yopougon. Èmi ńkọ́? Láti cinquième, kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdírì, tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ń jókòó sí. Tí kò bá sí ìwé mọ́, Anyama nìyẹn, lọ́dọ̀ Tantie Nimotou, àbúrò Bàbá, kí n máa bó obì. Mo ti ṣe é rí lásìkò ọlidé. Èékánná mi pọ́n bíi ti apààyàn. Mi ò lọ. Mi ò lọ, mi ò lọ.


Ọjọ́bọ̀, 7 septembre

Ẹnikẹ́ni ò rà. Ajá kan tọ̀ sára páálí.


Ọjọ́ Ẹtì, 8 septembre

Ọwọ́ dilẹ̀, mo ṣí ọ̀kan. Àwòrán wà lẹ́yìn ẹ̀: Ọmọ tí eyín ẹ̀ ti ká níwájú, bàbá arúgbó kan, ìyáàfin sísanra tó wọ ṣòkòtò péńpé, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín bíi pé wọ́n pín ogún. Ó wà fún gbogbo ọjọ́ orí àti gbogbo ìpele, wọ́n ní.

Eré ọ̀hún: na ẹyin. Rìn tọ̀ ọ́ lọ. Tún un nà. Títí á fi kó sí ihò. Lẹ́yìn náà, *yọ ọ́ kúrò nínú ihò*! Ṣé ẹ ò lè mú un lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láti ilé ni?

Wọ́n ń pe igi kan ní irin, wọ́n ń pe òmíràn ní igi, wọ́n wá fún wọn ní nọ́ńbà bíi kíláàsì. Ìwé tó sanra, ìwé tó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: tẹrí ba, má gbé e sókè títí bọ́ọ̀lù á fi lọ. Páálí mẹ́fà nítorí ìyẹn! Ọ̀fẹ́ ni Sírẹ́nì ń sọ ọ́ fún mi lójoojúmọ́.


Ọjọ́ Àìkú, 10 septembre

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Díákónì gbàdúrà: «Olúwa, gbà wá lọ́wọ́ ìràkurà.» Àmín wọn ga ju ti ọjọ́ Kérésì lọ. Níta, àwọn ọ̀dọ́ ń kí Bàbá ní «Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ kú ọjà o!» Marcel bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ bàtà funfun ẹ̀. Mo ní pardon.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 septembre

Ìtìjú. Ìtìjú ńlá.

Bàbá ti ń ka ìwé náà láti ọjọ́ Ẹtì, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Lónìí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo Plateau jáde wá jẹun, ó dojú agboòrùn kọlẹ̀ bíi igi inú ìwé, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kó orí sínú páálí. Pàá! Ọsàn wọ abẹ́ tákísì. Àwọn èèyàn pariwo, «Le vieux, bis!», kó tún un nà.

Ó ń pè mí: «Odette! Kí ni wọ́n ní kí orúnkún ṣe?»

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kà á fún un. Mo ní, «Wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, Bàbá.» Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún nà án.

Ọkùnrin oníkóòtù kan wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bi mí bóyá mo ní ìwé ìròyìn tí mo lè fi wé e. Ó ra ọ̀kan.


Ọjọ́bọ̀, 14 septembre

Àwọn oníkóòtù ń bọ̀! Lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń lọ ilé àlè. «Ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi.» Gbogbo wọn ló ní ọ̀rẹ́ kan. Àwọn ọ̀gá wọn ń ṣeré yìí ní pápá Riviera lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ẹyin nà ò lè rí ọ̀gá kí níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Àwọn tó jáde yunifásítì!

Méjì pàdé lórí páálí kan lónìí. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá dikiṣọ́nárì.


Ọjọ́ Ajé, 18 septembre

Ìyáàfin kan wá. Léèsì, báàgì, òórùn dídùn. Ó bi mí bóyá àwòrán wà nínú ẹ̀. Ó gbé ìwé náà dání, ó ń mi orí — oríkodò ni ìwé náà wà! Ẹ̀rín ti dé ọ̀fun mi. Ó rí i. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ní èdè wa: «Ọmọ Ànàgó ni ẹ́, àbí? Má pariwo.»

Mọ́síùrá lorúkọ ẹ̀. Ọmọ oníṣòwò bíi tiwa ni, wọn ò rán an ní ilé-ìwé. Ọkọ ẹ̀ ti wá di èèyàn ńlá, ó fẹ́ kó máa bá ìyàwó àwọn ọ̀gá na ẹyin. Gbogbo àwọn yẹn ti ka ìwé. Mo kà fún un díẹ̀: orúnkún, ọrùn ọwọ́. Ó ń tẹ̀ lé mi, kò gbàgbé kankan. Nígbà tí mo dé ibi orí títẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. «Ìyẹn ni mo mọ̀ jù nílé ọkọ!»

Ó ní kí n wá máa gbé ọ̀dọ̀ òun ní Cocody, kí n máa kà á fún òun. Yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ilé. Kọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ wà nítòsí, mo lè tún cinquième mi ṣe. «Tí ìyá ẹ bá gbà.» Ó júwe ilé fún mi, géètì aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ilé epo.

Mo yínmú nígbà tó lọ. Kí n máa kàwé fún ìyá arúgbó! Ìyá arúgbó tó sì tẹ́tí sí mi ju tíṣà kankan lọ.


Ọjọ́rú, 20 septembre

Ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Yopougon ti di ìtàn. Lónìí, nídìí oúnjẹ, Marcel nu ẹnu, ó ní, «Ṣé mi ò sọ fún Papa pé kí wọ́n rà á? Mo mọ̀ pé golf ń bọ̀ lóde.»

Sírẹ́nì fi orí ẹja sínú abọ́ ẹ̀. «Ọmọ mi! Orí ẹ ò ní gbàbọ̀dè!»

Mo la ẹnu. Bàbá yára ju mí lọ: «Bẹ́ẹ̀ ni. Marcel ni.» Ó sì wo ojú mi.

Kò gbàgbé ohun tí Marcel sọ níwájú dígí nígbà náà. Láti ọjọ́ kìíní ló ti gbé gbogbo ẹ̀ mì, ariwo Sírẹ́nì, àdúrà Díákónì, «Bàbá Ẹlẹ́yin», kí orúkọ Marcel má bàa bàjẹ́. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Àfi bí Sírẹ́nì ṣe tún ní: ọjà ti dára báyìí, Marcel lá máa yan ìwé. Kò yẹ kí ọmọbìnrin jókòó sáàárín àwọn oníkóòtù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Odette ń lọ Anyama.

Mo wo Bàbá. Mo dúró kó sọ̀rọ̀ fún èmi náà. Egungun ẹja ló ń yọ.


Ọjọ́bọ̀, 21 septembre

Bàbá bi mí bóyá inú ń bí mi. Mo ní rárá, Bàbá. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí.


Ọjọ́ Ẹtì, 22 septembre

Sírẹ́nì ti di ẹrù mi. Lọ́la á fi mí sínú bọ́ọ̀sì dé Adjamé, níbẹ̀ ni kí n ti wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ Anyama. Ìwé kan wà lábẹ́ ìró mi, èyí tí ọmọ tí eyín ẹ̀ ká wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá rò pé ó ti tà.

Mo máa dé Adjamé. Mi ò ní wọ gbaka. Géètì aláwọ̀ ewé ni mò ń lọ. Tí Mọ́síùrá bá béèrè, màmá mi gbà. Níbí wọ́n á rò pé mò ń bó obì, ní Anyama wọ́n á rò pé wọn ò rán mi mọ́. Kí ẹnì kan tó lọ béèrè, màá ti jókòó ní kíláàsì. Mi ò sọ fún Marcel. Mi ò sọ fún Bàbá. Bàbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, kó máa dákẹ́ lọ.

Àtàárọ̀ ni mo ti ń ṣe «ẹ̀n-ẹ́n mà, mo ti gbọ́ mà». Inú Sírẹ́nì dùn. Ó ń sọ fún àwọn ará àgbàlá: «Ẹ wo Odette bó ṣe tẹrí ba lónìí! Ó ti ń gbọ́n.»

Mo tẹrí ba lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ò tíì lọ ni.