Pijó Pupa Tí Mo Rà fún Menna

Oko Hafod Wen,
Ọjọ́ Ajé.

Lowri, ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o, o kú òjò, o kú ìfaradà ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ ní Cardiff níbẹ̀, ojú rere ọ̀gá rẹ kò ní kúrò lára rẹ. Ní tiwa, ayọ̀ là ń jẹ, ayọ̀ là ń mu. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo gbé Menna níyàwó, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mo fi ń jí láràárọ̀, àní ajá wa ti ń wò mí tìfura-tìfura. Àgùntàn mẹ́rìnlá ti bímọ, mẹ́fà bí ìbejì.

O rántí pé nígbà tí Menna ń pín lẹ́tà ní àfonífojì wa, ó ní Pijó pupa kékeré kan, èyí tó dà bí ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé lọ ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré bí ẹhànnà. Ó tà á nígbà tí àìsàn ìyá rẹ̀ dé, kò sì ní irú rẹ̀ mọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, fọ́tò tèmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò bínú. Mo kàn búra pé ìgbéyàwó wa kò ní pé oṣù kan kí n tó rí irú rẹ̀ fún un.

Fóònù tí o fún mi ló bá mi rí i, ọmọ ọdún méjìlélógún, kò wọ́n. Àwòrán ọkàn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Mo rò ó títí, nítorí ọkọ ìyàwó ni mí, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́. Kíá ni fóònù kọ ọ́ pé èèyàn méjìlá ló ń wo ọkọ̀ náà lọ́wọ́lọ́wọ́! Mo fi ọbẹ̀ sílẹ̀, mo wọ kóòtù ìgbéyàwó, mo ní kí Gethin aládùúgbò wa gbé mi sáré lọ kí wọ́n tó rà á mọ́ Menna lọ́wọ́.

Ẹni tó ń tà á, Osian, nìkan la bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní àwọn méjìlá yòókù dà? Ó ní Bàbá, àwọn wo? Èmi àti ológbò mi nìkan ló wà níbí. N kò gbà, mo yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ìyàwó òun ń retí ìbejì, àga ọmọ méjì kò sì lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí òun fi ń tà á. Mo bá yọ òòfà kan lápò, èyí tí a máa ń fún màlúù gbé mì kí irin tí wọ́n bá jẹ mọ́ koríko má baà gún wọn nínú, mo fi wọ́ ara ọkọ̀ náà yí ká. Ó ń lẹ̀, ó ń lẹ̀, àfi lẹ́yìn táyà òsì. Mo ní ọmọ mi, ibí yìí kì í ṣe irin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣírí tú, òun fi kọlu òpó géètì rí, wọ́n fi ike dí ihò rẹ̀, wọ́n sì kùn ún. Ó dín owó kù, mo san án, a bọ ara wa lọ́wọ́.

N kò wá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Bàbá, ṣé kò sí o? Mo ní mò ń dúró de oríire mi. Gethin ló ṣàlàyé fún un pé ní ọjà àgùntàn wa, ẹni tó tajà gbọ́dọ̀ dá nǹkan díẹ̀ padà fún ẹni tó rà á, kí ọjà náà má baà kú. Osian kò ní owó wẹ́wẹ́ lápò. Ló bá sáré wọlé, ó mú ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun kan jáde, ó ní ìyá òun ti hun ogún.

Nígbà tí Menna rí ọkọ̀ náà, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó sunkún díẹ̀, ó ní Emrys, wọlé kí o di bẹ́líìtì rẹ. Lowri, a gun òkè ilé ìjọsìn yẹn bí ọfà tí wọ́n ta, mo ń pe Jésù, ó ń kọrin!

Fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì bi wá bóyá a ti fi nǹkan kún ọkọ̀ náà. Mo kọ òtítọ́: tìmùtìmù kan, ìbọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Jọ̀wọ́, bá mi dá wọn lóhùn, kí o sì fi ọgọ́ta pọ́n-ùn ránṣẹ́ fún epo, nítorí Menna kò mọ bí a ṣe ń rọra wakọ̀.

Àwọn obìnrin ìjọ ti rí ìbọ̀sẹ̀ tó ń fì níwájú ọkọ̀, wọ́n sì ti ń hun èkejì rẹ̀. Bí o bá gbọ́ pé o fẹ́ ní àbúrò, irọ́ ni. Menna ní kí n má tíì sọ fún wọn, nítorí fìlà tí wọ́n ń hun pẹ̀lú rẹ̀ dára.

Ọ̀nà yóò máa là fún ọ, ayọ̀ bí irú èyí yóò bá ọ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkọ Menna,
Emrys.