Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Gbígbẹ Lórí Ọkọ̀ Baba Ṣùáíbù

Àtìní, 3 oṣù kejì, 2025

Baba Ṣùáíbù gbà. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbà lónìí pé kí n kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sórí ọkọ̀ wọn.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Àwọn obìnrin Gamkalley, àdúgbò etí odò ní Niamey níbí, tí ń gbin àlùbọ́sà àti sàláàdì ní erékùṣù àárín odò kò ní ibi tí wọ́n lè yà sí, láti àárọ̀ tí ọkọ̀ bá ti gbé wọn débẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àwọn ọkùnrin a kàn kọjú sí odò, ó parí. Àwọn obìnrin a máa pa á mọ́ra. Nítorí èyí, wọn kì í mu omi nínú oòrùn. A kò lè gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀: omi a máa bo erékùṣù náà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Baba Ṣùáíbù – kékeré, onígbòkun, àpò ìrẹsì tí a rán pọ̀ ni aṣọ rẹ̀ – a máa wà ní síso sí etí erékùṣù náà títí tí wọn yóò fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú iṣẹ́ àṣejáde mi ní yunifásítì. Àwọn olùkọ́ yìn ín. Ìyìn náà kò gbé korobá kan dé odò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún àwọn tí a kì í bi léèrè.

Bàbá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún tó kọjá ni gbogbo ilé ti padà. A ti ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ wa ní àdúgbò Zongo pa. Èmi nìkan ló kù, nínú yàrá kan ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey níbí. Wọ́n ní kí n wá gba ààwẹ̀ nílé, kí n sì jókòó síbẹ̀. Mo ní bí àwọn obìnrin wọ̀nyí bá lo ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, n óò dúró ní Niamey. Bí wọn kò bá lò ó, n óò di ẹrù mi. Bàbá ní, "Ùmmù, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Àlàrùbá, 5 oṣù kejì

Hàkímù, káfíńtà àdúgbò mi, ti kan àga náà. Pákó, ihò lókè, korobá lábẹ́. Ìtọ̀ yóò gba iwájú, ẹnu ike tí a gé ni yóò gbà á lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Èkejì yóò bọ́ sínú korobá, a ó sì da ìyẹ̀fun pákó àti eérú lé e. Bí ó bá ti gbẹ, kì í rùn. Bí ọdún bá yí po lórí rẹ̀, ó di ilẹ̀dú.

Hàkímù bi mí bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní yunifásítì nìyẹn. Mo ní ó wà lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti rí i pé òun kò pàdánù nǹkan kan. Ó fún mi ní ìyẹ̀fun pákó, ẹ̀kún àpò kan, lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo sọ àga náà ní Alága.

Àlàmísì, 6 oṣù kejì

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

A gbé Alága wọ ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ gbé e sí – orí ọkọ̀ gbéra sókè. Baba Ṣùáíbù bi mí bóyá ojú ọ̀run ni mo fẹ́ kí àwọn máa tukọ̀ gbà. A gbé e sún mọ́ òpó ìgbòkun. Atẹ́gùn yí, igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun gbá tapólì tí mo fi ṣe ògiri dànù sínú odò. Mo bẹ́ sómi lọ mú un. Níkẹyìn, a fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ egungun ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì, ó rẹlẹ̀ ju igi ìgbòkun lọ, tapólì yí i ká. Mo kan ilẹ̀kùn pákó sí i, mo fi ìkọ́ kékeré sí ìta rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà máa ṣí i.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá tó bí Baba Ṣùáíbù, Zarma ni ìyá wọn. Orí omi ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n wo Alága títí, wọ́n ní, "Níbo ni ẹni tó bá jókòó yóò kọjú sí?" Èmi tí mo kéwú ní Zongo láti kékeré – n kò rò ó. A kì í kọjú sí ìhà ibi tí a ń kọjú sí kírun bí a bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, a kì í sì í kọ ẹ̀yìn sí i. Ọkọ̀ sì rèé, ó ń yí kiri. Ohun tí a fẹnu kò sí: Alága yóò kọjú sí orí ọkọ̀, bí a bá dé erékùṣù, a ó so ọkọ̀ lórí àti ní ìdí, kí orí rẹ̀ kọjú sí òkè odò. Nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ni ìhà ìrun yóò wà. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má lò ó.

Àtìní, 10 oṣù kejì

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo dúró létí omi, mo bá wọn sọ̀rọ̀ ní Zarma: ìlera, iyì obìnrin, ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ ọ, wọ́n ní *fofo*, ìyẹn ẹ ṣé, wọ́n sì padà sídìí àlùbọ́sà wọn.

Kò sí ẹni tó wọlé. Mo dúró títí di ìrọ̀lẹ́.

Àlàrùbá, 12 oṣù kejì

Kò sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Ìyá Gàfárù ló sọ ọ́ fún mi – ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bíi tiwa, ọkọ Gamkalley ni wọ́n fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn àti àwọn obìnrin yòókù ni wọ́n jọ ń roko. Wọ́n ní Ìyàwó Ṣáláńgá ni àwọn obìnrin náà ń pè mí. Ewé àlùbọ́sà ń bẹ lẹ́nu wọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí kò sí ẹni tó lò ó. Wọ́n ní, "Ìwọ náà wo ara rẹ. O dúró síbẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ta ló fẹ́ kí o máa ka òun?"

Jímọ̀, 14 oṣù kejì

N kò lọ sí odò láti àná, kí wọ́n lè ráyè. Mo gbá yàrá, mo tún un gbá.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì

Wọ́n lò ó ní àná. Tìdùnnú-tìdùnnú ni mo fi gbọ́, kí n tó dé ibi tí ọkọ̀ wà.

Búútà ni wọ́n mú wọlé, gbogbo wọn. Omi kún korobá. Nígbà tí ọkọ̀ ń padà, tí atẹ́gùn fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dà sínú ọkọ̀, ó ṣàn dé ìdí àwọn àpò àlùbọ́sà. Wọ́n da àlùbọ́sà náà nù. Baba Ṣùáíbù kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń gbọ́n omi dànù, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo ti lẹ ìwé mọ́ ara tapólì ní èdè Faransé pé omi kò gbọdọ̀ kan korobá. Kí ni wọn yóò fi ṣe ìmọ́tótó, nígbà náà? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ rí láìlo búútà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi bébà nu ìdí ni mo ti wo àwòrán Alága, mo sì gbé e bí ó ti wà fún àwọn Mùsùlùmí. Bí mo bá ti jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ǹ bá ti mọ̀. Àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mo ń kàn án fún.

Àlàrùbá, 19 oṣù kejì

Hàkímù àti èmi kan pákó kejì sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ó ní ihò tirẹ̀. Ènìyàn yóò sún síbẹ̀, yóò fi búútà rẹ̀ ṣe ìmọ́tótó. Omi náà yóò gba inú rọ́bà lọ sínú korobá mìíràn tí iyanrìn àti èédú wà nínú rẹ̀. Baba Ṣùáíbù ní bí àpò kan bá tún rin, àwọn yóò ju Alága sínú odò, èmi ni n óò sì lọ yọ ọ́. Mo rò pé wọ́n ti dárí jì mí.

Àtìní, 24 oṣù kejì

Wọ́n lò ó. Korobá gbẹ.

Àlàmísì, 27 oṣù kejì

Nǹkan kan ń rú mi lójú. Àwọn obìnrin ń tò láti wọlé, síbẹ̀ korobá kò kún, ìyẹ̀fun pákó kò dín tó bí ó ti yẹ. Ẹlòmíràn a wọlé, a pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Gàfárù ló ń pẹ́ jù. Ẹ̀rù bà mí, mo bi wọ́n bóyá inú ń run wọ́n.

Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní bí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, wọn a ṣe é. Bí kò bá sì gbọ̀n wọ́n, wọn a jókòó. Nílé, yàrá kan ni àwọn, ọkọ, ọmọ, àti ìyá ọkọ jọ ń gbé. Lóko, gbogbo ayé. "Inú ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti pè mí, Ùmmù." Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. Ọ̀kan a máa sunkún níbẹ̀. Ọ̀kan a máa sùn.

Láti ìgbà tí ilé ti ṣófo ni mo ti ń wá ẹni tí yóò pè mí.

Èyí kò sí nínú iṣẹ́ àṣejáde mi. Mo jókòó ti àwọn obìnrin náà létí ebè, mo bi wọ́n – ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n – pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n tún ṣe. Wọn kò jiyàn rẹ̀ rárá: ìkọ́ tí mo fi sí ìta, kí n yọ ọ́. Inú ni kí a ti máa ti ilẹ̀kùn.

Jímọ̀, 28 oṣù kejì

Mo ra irin ìtìlẹ̀kùn ní ọjà ńlá, mo kàn án sínú.

Wọ́n ti rí oṣù. Bàbá pè lẹ́yìn ìrun, wọ́n bi mí: ṣé wọ́n lò ó? Mo ní wọ́n ń lò ó, mo sì sọ ohun tí wọ́n ń lò ó fún, kò sí èyí tí mo fi pamọ́. Bàbá ní, "Ó dáa. O ti borí mi, dúró síbẹ̀. Ta ni wàá máa bá ṣínu?"

Mo ní n kò gbọ́ wọn dáadáa. Mo gbọ́ wọn.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́. Mo bá wọn lọ sí erékùṣù nítorí n kò lè dá wà nínú yàrá.

Nígbà tí a ń padà, atẹ́gùn kú. Ìgbòkun rọ wálẹ̀. Ọ̀pá ni Baba Ṣùáíbù fi ń ti ọkọ̀, ẹrù sì wúwo. Oòrùn wọ̀ bá wa láàárín odò. Ìbéèrè bàbá mi kò kúrò létí mi. Mo dìde, mo wọ inú Alága lọ, mo ti ilẹ̀kùn. N kò ní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Mo jókòó lé e – ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn – mo fi ìborùn bo ojú mi.

Wọ́n pe ìrun Màgàríbà láti Gamkalley. Ohùn náà gba orí omi wá. Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń tú ọ̀rá èso dàbínò láti ṣínu, bí omi ti ń dún nínú ife. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó pè mí. Wọn kì í pe ẹni tó bá wà nínú ibẹ̀.

Baba Ṣùáíbù ní, "Ùmmù ńkọ́?"

Ìyá Gàfárù ní mo wà nínú, kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ tí wọ́n bá ẹnìkan wí pé, "Má jẹ dàbínò yẹn tán. Ti Ùmmù ń bẹ níbẹ̀."

Mo nu ojú mi. Mo fa irin ilẹ̀kùn.